Ìwé Orúkọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Kọ

"Ìyá, ẹ fi òkú sílẹ̀ kó sùn. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní dákẹ́, a ò sì ní lè gbà yín sílẹ̀."

Ohun tí àwọn àgbà méjì láti mọ́sáláṣí wá sọ fún mi nìyí lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo fún wọn lómi, mo dúpẹ́, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, mo ti mú kálàmù.

Ẹni tí wọ́n ń wí ni olórí àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní ìlú Bouaké, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò tíì jẹ olórí. Oníṣòwò aṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Kọ̀màndáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ló máa ń fi ẹni tó bá wù ú jẹ. Ọkùnrin yìí sì fẹ́ oyè náà débi pé, bí ọkọ̀ kọ̀màndáǹ bá ń kọjá, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sáré lọ dúró ṣánṣán lẹ́bàá ọ̀nà.

Èmi ni mo ń kọ ìwé fún àwọn ará ìlú wa. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama kí ọkọ mi tó mú mi wá sí Bouaké. Ọkọ mi ti kú, ó ku èmi àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí fún un. Àṣà wa ni pé, ṣáájú Iléyá, a máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n kà á sókè lójú àwọn àgbà, kó má baà di pé ọmọ délé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n máa bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Lọ́dún yẹn, ọkùnrin náà wá bá mi nílé ní Dar-es-Salam, àdúgbò wa ní Bouaké.

"Ìyàwó wa, tọdún yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Kọ iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kọ ibi tó ń gbé, kọ ẹgbẹ́ tó wà. Jẹ́ kí ilé mọ̀ pé a ò wá ṣeré níhìn-ín."

"Gbogbo wọn, Bàbá?"

"Àwọn tó ti dàgbà. Ọmọ tìẹ ni kó ṣíwájú. Irú ọmọ yẹn kọ́ là ń fi pamọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ọmọ ogún ọdún ni ọmọ mi, ó ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan. Ìfẹ́ òṣèlú ti gbà á lọ́kàn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń sọ pé kí iṣẹ́ tipátipá dópin, kí ọmọ ilẹ̀ máa ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó panu mọ́ lójú pópó. Síbẹ̀, nígbà tí mo jókòó ti bébà, n kò rántí ìbẹ̀rù mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, mo fi yíǹkì pupa fàlà sí i nídìí, mo sì fi Faransé tí ọmọ mi kọ́ mi kọ ọ́, kó lè dún bí oyè ńlá, pé òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà ní Dar-es-Salam. Mo fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́, kí ó dùn wọ́n díẹ̀. Orúkọ mọ́kànlélógún ni, ojú ewé méjì. Bí ìṣe mi, mo fi bébà dúdú tó ń ṣe ẹ̀dà sáàárín, mo sì tọ́jú ẹ̀dà kejì. Ọkùnrin náà ní òun ló máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sílé, mo bá kó o lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn náà, láàárọ̀, gáàdì kọ̀màndáǹ mẹ́ta wọ àgbàlá wa. Olórí wọn na ìwé kan sí mi, ó fi èdè Dioula bi mí bóyá ọmọ mi nìyí. Ìlà pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Ìwé tí mo fi ọwọ́ mi kọ ni.

Wọn kò lù ú. Wọ́n ní ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, kó padà sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ tí mo bí sí Bouaké, tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n fi kó òun àti mẹ́rin mìíràn nínú ìwé náà lọ sí ẹnubodè Gold Coast. "Màmá, ẹ má sunkún lójú wọn," lohun tó sọ kẹ́yìn. Lóṣù kejì, kọ̀màndáǹ fi ọkùnrin náà jẹ olórí, ó sì fi idẹ kan tó ń dán kọ́ ọ láyà.

Mo dúró di ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí gbogbo wa pé jọ sí àgbàlá rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bá wa ka lẹ́tà ilé."

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bó ti yẹ, mo dìde, mo sì ṣí ẹ̀dà tí mo tọ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọmọ ta, ilé wo, iṣẹ́ wo, ẹgbẹ́ wo. Bí mo bá dé orí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ, mo dúró díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́.

"Kí lò ń kà? Lẹ́tà ilé ni mo ní!"

"Òun náà nìyí, Bàbá, èyí tí ẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé. Ọwọ́ gáàdì ni mo ti rí èkejì rẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́? Ṣé ọwọ́ tèmi ni?"

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ẹsẹ̀ yín ló gbé e lọ."

Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́rin náà dìde, ó lọ tẹjú mọ́ àyà olórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí idẹ yẹn padà ká wò ó. Bóyá orúkọ ọmọ mi ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dúró kó tú ìpàdé ká.

A kò bá a jà. Ó ń kí wa, a ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ, kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kankan tó débẹ̀ jẹun. Mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìkòkò ìrẹsì méje ni mo kà, ìdérí wà lórí gbogbo wọn. Mo ṣẹ́rí padà, mo tún kọjá, nítorí mo fẹ́ rí i dáadáa. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí ẹní, ó ń wo ìta. Kò ṣẹ̀ mí. Síbẹ̀ inú mi dùn, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkùnrin náà wá sílé mi láìdé fìlà.

"Ìyàwó wa, dìde nípàdé, sọ pé o ṣì mí gbọ́ ni. Màá bá kọ̀màndáǹ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ á wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìpàdé, ǹ bá ti sọ ọ́. Mo ní kó fún mi láyè, mo sì rán oníṣòwò obì kan sí ọmọ mi ní Kumasi, ìlú tó fìdí kalẹ̀ sí ní Gold Coast. Oṣù kan kọjá kí èsì tó dé.

"Màmá," ó kọ ọ́, "ẹ má ṣe é. Bí ẹnu ọkùnrin yẹn bá lè mú mi wọlé, ẹnu rẹ̀ náà lè lé mi jáde, màá sì máa wo ojú rẹ̀ kí n tó lanu. Níhìn-ín, mò ń sọ̀rọ̀ bó ti wù mí. Ẹ wá kí mi."

Lọ́jọ́ yẹn, inú bí mi sí ọmọ mi ju bó ti bí mi sí ọ̀tá mi lọ. Mo fẹ́ rí i kó máa wọlé, kó máa jáde, kí n máa gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Òun fẹ́ òmìnira. Mo sunkún tán, mo wẹ ojú mi, mo lọ bá ọkùnrin náà.

"Bàbá, ọmọ mi ní ẹ ṣeun, òun kò wá mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ní kí ẹ máa rọra jẹ ìrẹsì yín."

Ó kú sórí oyè náà. Ọmọ mi ti fẹ́yàwó ní Kumasi; ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo ti rí i láti ìgbà náà. Ẹ̀san tí mo gbà kò mú Kumasi sún mọ́ Bouaké, ṣùgbọ́n n kò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìlà pupa tí mo fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sílẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó máa kà á kí ẹ tó kọ ọ́.