Iṣu Tó Wà ní Ìdí Òkìtì

Òórùn iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjà Ojoku. Bàbá wa, oníṣu, á ti da iṣu tó rà bọ̀ láti ọjà náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ọ́fà, á máa wá èyí tó tóbi jù, tí yóò gbé síwájú àtẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti bá òbí tajà rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbé òmíràn. Bí ti ọ̀tún bá tóbi jù, á ju ti òsì sílẹ̀, á fi èyí rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣu á fi tán. "Ẹni tí kò bá tíì kan ti ìdí òkìtì," ló máa ń wí, "kò tíì yan iṣu."

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta la jọ jáde ìwé mẹ́fà: Ràfíù ọmọ ìyálé, tó ti tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì, Sìdí àbúrò rẹ̀, àti èmi Múrí, àbíkẹ́yìn ilé. Bàbá ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo lòun lè rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù.

Ràfíù ti rí ìwé èsì mi kí n tó délé. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló ti fà mí létí. "Bó o bá mú ìwé yìí jáde, inú kànga yìí lo máa sùn lónìí." Mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kànga ọ̀hún ní ọmọrí, a máa ń tì í pa, etí ìró ìyá mi sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Bàbá mú ìwé Ràfíù sọ́wọ́ òsì: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó mú ti Sìdí sọ́wọ́ ọ̀tún: méjìdínlọ́gọ́ta. Ó dá a padà fún un.

"Múrítàlá, tìẹ dà?"

Mo jókòó lé e. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin wà lábẹ́ ìdí mi, ó gbóná bí ẹ̀yinná.

"Tíṣà ò tíì fún mi, Bàbá."

"Ó dáa." Ó ká ti Ràfíù, ó fi sápò.

Ìyẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ kànga lọ. Bàbá tó ń tú odindi òkìtì nítorí iṣu kan, kò rìn dé ilé tíṣà tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ràfíù wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba. Èmi wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, mi ò sì tíì jáde.

Ọmọ Ràfíù, Àmínátù, ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní pólì, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Sátidé tó kọjá, bàbá rẹ̀ wá wò ó. Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n fún wa. Nọ́ńbà tó tóbi jù ni ẹ̀rọ yìí máa wá. Á di àkọ́kọ́ mú, á fi wé èyí tó tẹ̀lé e. Èyí tó bá tóbi jù ló máa dì mú, títí dórí èyí tó kẹ́yìn."

"Iṣẹ́ bàbá wa nìyẹn," ni mo wí. "Ta ló fún òun ní sáátífíkéètì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ ò bá kó fún ẹ̀rọ, kò lè mọ̀ ọ́n o. Ó yá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà mẹ́ta."

Ẹnu mi ló kó bá mi. "Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

Ẹ̀rọ náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló gbé jáde.

"Ó jọ máàkì o, Bàbá kékeré. Ta ló gbà á?"

Mo wo Ràfíù. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Kò lè gbé òròmọdìẹ jù sí kànga. Ó dorí kodò, ó ń fi ọ̀pá họ sìmẹ́ǹtì.

"Mi ò mọ̀ o," ni mo wí. "Nọ́ńbà lásán ni."

Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà náà ló kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn, ẹ̀rù kànga ló bà á. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún báyìí, wọ́n sì ti dí kànga yẹn pa, ó ti pẹ́. Mo ṣì jókòó lé ìwé mi.