Ọ̀sán Tí Mọ́mì Tẹ Àjàrà

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣí ìgò wáìnì lánàá, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ìgbà èwe mi ní Beltsville ní Amẹ́ríkà, sí ẹ̀yìnkùlé màmá àgbà ará Japan tí a háyà ìsàlẹ̀ ilé wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì lọ pàdé Dádì, tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ní eápọ́ọ̀tù. Ara mi kò balẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré lọ wo títì ni mo ń sáré padà. Ni màmá àgbà bá ní kí n bọ́ bàtà, kí n wọ inú báàfù ńlá kan, kí n máa tẹ àjàrà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì nìyẹn lábúlé àwọn, lórí òkè gíga tí òtútù ti ń mú. Àjàrà ń yọ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, oyin ń kùn yí mi ká.

Mọ́tò dé. Mọ́mì nìkan ló sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì, Dádì ńkọ́?"

Mọ́mì bọ́ bàtà, wọ́n ká léèsì wọn sókè, wọ́n sì wọ inú báàfù bá mi. Mọ́mì tí kì í fẹnu kan ọtí! Wọ́n ń tẹ àjàrà náà kíkankíkan, omi pupa ń ta sí wọn láṣọ. Mo rò pé eré ni, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ti dá Dádì padà sí Nàìjíríà.

Nígbà tó rẹ Mọ́mì, wọ́n di èjìká màmá àgbà mú.

"Mà, ìgbà wo ni yóò ṣeé mu?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Mọ́mì mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A óò dúró."