Ohun Tí Àbígbẹ̀yìn Mi Ń Ṣe Nínú Ìwé Mi

Ìtàn ayé mi tí mò ń sọ, tí ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ló dá ìjà sílẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi, tó fẹ́ gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, wá láti Elekahia ní Pọta, ó kà á, ó sì fajú ro.

"Màámi, ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìkan lẹ bí ni? Mi ò sí nínú ìwé yìí!"

"O wà níbẹ̀ dáadáa."

Ọmọ ọmọ mi ní ká jẹ́ kí Python, èdè tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, bá wa wá a. Ó kó gbogbo bí mo ṣe ń pè é pọ̀ sójú kan: àbígbẹ̀yìn, ọmọ mi obìnrin, ọmọ Pọta. Àṣẹ àkọ́kọ́ mú ibì kan ṣoṣo wá, ó dúró.

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Ìyẹn kì í kọjá ẹyọ kan. Findall ló ń kó gbogbo rẹ̀ jáde."

Ló bá kó wọn jáde lóòótọ́. Ọmọ mi obìnrin jẹ ẹja tí mo fi pa mọ́. Àbígbẹ̀yìn fá ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ Pọta sunkún títí mo fi ra ìsáwùrù fún un ní Rumuokoro.

"Ah-ah! Na only chop I dey chop? Ẹ yọ wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò gbé ìwé kankan lọ o!"

"Èwo nínú rẹ̀ ni irọ́?"

Ó kọjú sí ọmọ ọmọ mi. "Ó dáa, fi tèmi sí i: ìyá mi kì í se oúnjẹ tó."

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.