Dókítà Kòkòrò Ẹ̀wà

Nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, mo rò pé iṣẹ́ ni yóò máa wá mi kiri. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ni mo fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí ní yunifásítì: bó ṣe ń mí, bó ṣe ń fara pamọ́, àti ohun tó ń pa á nígbà tí a bá ti ẹ̀wà mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Mo mọ kòkòrò yìí ju bí mo ṣe mọ àwọn àbúrò bàbá mi lọ. Síbẹ̀, oṣù mẹ́jọ kọjá, kò sẹ́ni tó pè mí síṣẹ́.

Ohun tí mo ń wá ni irú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa ń fún ọ̀mọ̀wé tuntun fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí iṣẹ́ lè mọ́ ọn lára kó tó rí èyí tí yóò bá a kalẹ́. Ilé ìwádìí kan pè mí fún íńtáfíù lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn ní, "Ní ṣókí, kí ni iṣẹ́ rẹ dá lé?" Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti orí bí kòkòrò ṣe ń mí bọ́ sórí ìṣirò, mo ti orí ìṣirò bọ́ sórí àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú mi. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ẹnì kan ti pa kámẹ́rà rẹ̀, obìnrin tó kù sì ń bó ọsàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa. N kò gbúròó wọn mọ́.

Ọ̀gá tó darí ìwádìí mi ló ní kí n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí yunifásítì ṣe lórí iṣẹ́ wíwá, fún àwọn tó ń kàwé gboyè gíga àti àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Obìnrin tó kọ́ wa kì í fọ̀rọ̀ pamọ́. Ó gbé ìwé tí mo fi ń wáṣẹ́ sókè, ojú ewé mẹ́sàn-án, ó ní, "Ta lo fẹ́ kó ka gbogbo èyí? Ìyàwó rẹ?"

Mo ní n kò tíì ní ìyàwó.

Ó ní, "Ó hàn."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní kí oníkálukú padà sílé, kó wá ẹni tí kò dé yunifásítì rí, kó sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sì máa tún un sọ títí ẹni náà yóò fi lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Mo wọkọ̀ lọ sílé, ní Ìkìrun. Màmá mi ni mo kọ́kọ́ bá. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà kò sì tíì yé wọn dáadáa. Wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n mú bírò pupa, wọ́n ní ó yá. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n kọ nǹkan sórí ìwé, wọ́n tì í sí mi. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

"Màmá, kí ni mo ṣì?"

"O ò pe ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 'Ohun ọ̀gbìn oníhóró' lò ń wí ṣáá. Ta ló ń se oníhóró jẹ?"

"Ẹ̀wà náà ni mo ń sọ, mà."

"Pè é ní ẹ̀wà nígbà náà. Tún un sọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un sọ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó kẹ́yìn, mo gba mẹ́fà. Màmá ní máàkì mẹ́fà ni àwọn máa ń fún ọmọ tí kò mọ̀wé púpọ̀ ṣùgbọ́n tó níwà.

N kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún pásítọ̀ wa. Lọ́jọ́ Àìkú, láàárín ìsìn, pásítọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ tó gboyè dókítà fẹ́ sọ ohun tí Olúwa ń gba ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Màmá gún mi nígbọ̀nwọ́. Mo jáde, mo gba máíkì, mo sì rò ó pé ibí yìí gan-an ni obìnrin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní kí n wá.

Mo ní, "Kòkòrò kan wà tí kì í ti òde wọlé. Láti oko ló ti ń bá yín bọ̀, ẹ ò ní rí i. Ẹ ó kó ohun tí ẹ ní pamọ́, ọkàn yín á balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, ìyẹ̀fun lẹ ó bá níbẹ̀."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù." Ó yẹ kí ó ti yé mi níbẹ̀ yẹn. Mo tẹ̀síwájú. Mo ní ọ̀nà tí a lè fi ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé ká dí gbogbo ojú ihò tó fi ń mí, títí yóò fi kú síbi tó sá pamọ́ sí.

Pásítọ̀ gba máíkì lọ́wọ́ mi. Ó ní kí gbogbo ìjọ dìde. Ó ní gbogbo kòkòrò tó bá ẹnikẹ́ni wá láti ilé bàbá rẹ̀, tó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, òní ni èémí yóò tán nínú wọn. Bí ìjọ ṣe ń gbàdúrà, bàbá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ yí ara rẹ̀ ká, kí ọ̀kankan má baà sá lọ. Mo wo màmá mi. Àwọn náà dijú, wọ́n ń mi orí, àwọn tó mọ̀ dájú pé ẹ̀wà ni mo ń sọ. Nígbà tí mo bi wọ́n nílé, wọ́n ní kòkòrò ni kòkòrò ń jẹ́.

Bí ìsìn ṣe parí, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Inísà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò tó ń sọ nǹkan di ìyẹ̀fun yẹn, ṣé ti inú ẹ̀wà gan-an lẹ ń sọ, àbí ti ẹ̀mí?"

"Ti inú ẹ̀wà ni, mà."

"Mo dúpẹ́. Bàbá mi ń gbin ẹ̀wà ní Òkukù. Ọdọọdún ni kòkòrò ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní ẹnu mi ló ń fà á, pé mo máa ń sọ pé ẹ̀wà náà pọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Inísà, mo dúró títí ó fi rán síìpù mọ́ síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, a sì jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ mi sínú lójú ọ̀nà. Ó rí ètè mi.

Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Bàbá mi kì í fetí sílẹ̀."

Olórìṣà ni bàbá náà. Kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kì í sì í jẹ ẹran ọdún rẹ̀, àmọ́ ọmọ náà ló ń rán gbogbo ṣòkòtò tí wọ́n fi ń ṣọdún. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá wò mí láti orí àga.

"Ìwọ ni dókítà kòkòrò?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kòkòrò ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá o, sà. Bí wọ́n ṣe máa kú là ń wá."

"Ìwọ kì í ṣe dókítà nígbà yẹn."

Mo gbé ìyẹn mì, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta mi. N kò tíì lo ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí bàbá dìde, tí wọ́n ní kí n máa bọ̀. Nínú yàrá wọn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ẹnu wọn, wọ́n sì ti yọ́ àbẹ́là lé e. Wọ́n gbá ọ̀kan ní ìdí.

"Ẹ̀wà ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá rí èémí kì í pẹ́ láyé. Bàbá mi ló kọ́ mi, agbè ni tiwọn."

Mo dúró síbẹ̀. Ojú ewé igba ó lé ogójì ni ìwé ìwádìí mi, gbólóhùn tí bàbá sọ yìí ló sì wà ní ìparí rẹ̀, àfi pé tèmi gùn.

"Ọdún mélòó lo fi kọ́ tìrẹ?"

"Mẹ́fà, sà."

Bàbá tún gbá kẹ́ẹ̀gì náà ní ìdí. Ọmọ wọn ló bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ dágbére fún wọn kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé obìnrin náà ní ọdọọdún ni kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà yìí. Mo béèrè èwo ni kòkòrò ń jẹ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá nawọ́ sí èyí tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọ̀kan yẹn ṣáá ni, ìyẹn ni àwọn fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú. Mo ṣí i. Kò ju ìdajì lọ, ẹ̀wà inú rẹ̀ sì kún fún ihò.

"Bàbá, ṣé nínú èyí lẹ ti ń bù sè?"

"Ibo ni ká ti bù ú? Òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà."

Mo wá ṣàlàyé pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i, afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, àti pé bó ṣe ń dín kù ni àyè èémí ń fẹ̀ sí i fún kòkòrò. Mo ní kí wọ́n kó ẹ̀wà jíjẹ sínú ìgò kéékèèké, kí ó kún dé ẹnu, kí wọ́n máa jẹ ọ̀kan tán kí wọ́n tó ṣí òmíràn. Bàbá wo kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n tún wo kẹ́ẹ̀gì.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu ọmọ yìí."

"Kì í ṣe ẹnu wọn, sà."

"Ọdún mẹ́fà pọ̀ jù," ni bàbá wí, "ṣùgbọ́n o rí nǹkan mú bọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin ládùúgbò, wọ́n ní kí n tún un wí. Nígbà tí mo fẹ́ dárúkọ yunifásítì, bàbá dá mi dúró. "Fi ìyẹn sílẹ̀. Sọ ti kẹ́ẹ̀gì." Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Kí n tó parí, ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún èyí tó pẹ́ dé.

Lẹ́yìn oṣù kan, ilé ìwádìí mìíràn pè mí fún íńtáfíù lórí kọ̀ǹpútà. Pálọ̀ màmá mi ni mo jókòó sí. Màmá ti lọ bẹ wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́yìnkùlé wa pé kó sinmi ariwo fún wákàtí kan, wọ́n sì jókòó sí yàrá kejì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó pè mí bi mí ní ohun tí mo ṣe. Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n bi mí nípa rọ́bà, wọ́n bi mí nípa àbẹ́là, ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá agbè ń ṣiṣẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n béèrè ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ti kọ́ wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ká dá wọn lóhùn pé a máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀wà pípamọ́, n kò sì bi ẹnì kan tó ń pa ẹ̀wà mọ́ léèrè nǹkan kan. Mo gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀ nínú yàrá.

Wọ́n gbà mí. Iṣẹ́ ọdún méjì ni, láti bá àwọn àgbẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn ń gbà pa ẹ̀wà mọ́. Òkukù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí ojú ewé mẹ́rin lọ fún bàbá, mo ń kà á sí wọn létí ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi tó ní ẹni tó bá gbà láti kópa lè kúrò nígbàkigbà tó bá wù ú, láìsí ìjìyà, bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Kúrò níbo? Ilé mi nìyí."

"Nínú ìwádìí náà ni, sà."

"Ìwádìí ló wá bá mi nílé. Òun ni kó kúrò bó bá sú u."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n gba bírò, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní kí n bá àwọn fa kẹ́ẹ̀gì méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọn kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.