Èèbù Kambolé Nínú Ilẹ̀ Komah

Ọjọ́ tí ogun dé bá wa ní Komah, iṣu ni mò ń wà lọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìrì kò tíì gbẹ lára ewé, Ráfíátù ọmọ mi sì wà lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè, mo ń fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣu lábókò kò fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ bá òun jà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra iṣu lọ́jà kò mọ iṣẹ́ yìí. Lásìkò òjò, nígbà tí ìtàkùn rẹ̀ ṣì tutù, a máa ń tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó gé iṣu náà lọ́rùn, a ó mú un, a ó sì bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà tòun ti ìtàkùn rẹ̀. Orí yẹn ni yóò ta èèbù tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Tí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ṣe é tán, ẹni tó ń kọjá lọ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kan oko náà.

Kì í ṣe ọmọ Komah ni mí. Ọkọ mi, Lásísì, ló mú wa kúrò ní abà wa lẹ́bàá Kambolé. Iṣẹ́ ọ̀nà lílà tí àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso wa ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin lọ ṣe ti sú u, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ohun mìíràn ló ń fà á. Abà wa jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Àfi bí afẹ́fẹ́ bá ṣojú rere ni a tó ń gbọ́ ìpè ìrun, Lásísì a sì máa dúró láàárín oko, á tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè ní orúkọ. Ó ní òun fẹ́ gbé níbi tí òun yóò ti máa gbọ́ ládánì ní ìrun márààrún. Bí ó ṣe kó wa wá sí Komah nìyẹn, lẹ́bàá ibi tí àwọn Jámánì fúnra wọn ń gbé ní Sokodé. A ń sá fún ikú, a bọ́ sí àkọ̀ idà.

Mo sunkún kí a tó kúrò nílé. Ìyá mi kò sunkún ní tirẹ̀. Ó di èèbù lábókò kún agbọ̀n, ó gbé e lé mi lórí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbà á, yóò gba ìwọ náà."

Ilẹ̀ gba èèbù. Èmi ni kò gba ilẹ̀. Èdè Kotokólí ni gbogbo wọn ń sọ, bí mo bá lọ sọ́jà, ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé a sì máa sín mi jẹ. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ọkọ mi pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyá Ráfíá, gbọ́ ohùn ládánì ná." Inú a máa bí mi gan-an ni, nítorí inú tirẹ̀ dùn.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo gbọ́ igbe láti ìhà mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí àwọn ṣọ́jà Jámánì tí wọ́n ń da àwọn ọkùnrin bọ̀ lójú ọ̀nà, ẹrù lórí oníkálukú. Wọ́n ní àwọn Faransé ti ń bọ̀ láti ìhà Dàhòmì, àwọn Jámánì sì ń kó ohun ìjà wọn lọ sí ìsàlẹ̀ ní ìhà òkun, wọ́n ń wá orí tí yóò rù ú. Lásísì wà láàárín wọn. Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àpótí ọta ìbọn ni wọ́n gbé lé e, ó wúwo débi pé ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo sáré bá a. "Bàbá Ráfíá, níbo ni wọ́n ń kó yín lọ?"

"N kò mọ̀," ó wí. Kò lè yí orí. "Má kúrò ní Komah. Ibí ni màá ti wá ọ."

Ṣọ́jà kan na pàṣán sókè, mo sì yà kúrò lọ́nà. Mo dúró síbẹ̀ títí eruku wọn fi lọ sílẹ̀. Ìyá Àfúsá ló wá fà mí lọ́wọ́. Obìnrin Kotokólí ni, ọkọ rẹ̀ tó ti dàgbà gan-an ló fún wa nílẹ̀ tí a ń ro, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè mi, tó ń fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹkún kò ní bọ́ ọmọ rẹ," ó wí. "Àwọn tó lọ ti kó ènìyàn. Àwọn tó ń bọ̀ yóò kó oúnjẹ. Ṣé iṣu rẹ ti tó gé?"

Àwa méjèèjì wọ inú oko. A ń tú ebè, a ń gé, a ń bò. A gbẹ́ ilẹ̀ yàrá mi, a to iṣu sí i, a da yẹ̀pẹ̀ lé e, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì tẹ́ ẹní mi lé e. Nínú oko, ìtàkùn ṣì dúró lórí igi wọn, ó tutù yọ̀yọ̀. Kò sí iṣu lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni èéfín yọ níbi tí àwọn Jámánì ń gbé, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ ọ rí, gbogbo èyí tó bá dún ni mo rò pé àyà mi ló wọlé sí. Mo di ọmọ mi mọ́ ẹ̀yìn, mo ní mò ń lọ sí Kambolé.

Ìyá Àfúsá ní, "Ọkọ rẹ ní kí o má kúrò."

"Ọkọ mi kò sí níbí. Ìyá mi wà nílé."

Kò bá mi jiyàn. Ó fún mi ní àgbàdo sísun tí ó dì sínú aṣọ, ó ní òun yóò máa bá mi wo oko.

Ọ̀nà Tchamba tí ó lọ sí Kambolé kò ṣe tuntun sí mi, ṣùgbọ́n kò jọ èyí tí mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, inú koríko ni mo ń já sí. Nígbà kan, àwọn ṣọ́jà kọjá níbi tí mo sá sí, wọ́n súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbóòórùn awọ bàtà wọn, Ráfíátù sì ya ẹnu láti sunkún. Mo ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò sí omi ọmú níbẹ̀, nítorí ebi ti ń pa mí, ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì ń wò mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ náà. Nígbà tí àgbàdo sísun tán, mo já àgbàdo tútù ní oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ.

Nígbà tí mo dé Tchamba, ọjà ti dá páropáro. Ìkòkò kan wà lórí ààrò, iná ṣì ń jò lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ni í. Mo ṣì ń wo ìkòkò náà nígbà tí ìbọn dún láti ìhà odò. Àwọn ènìyàn ya dé láti ojú ọ̀nà Kambolé. Ibi tí mò ń lọ ni wọ́n ti ń sá bọ̀. Mo fara ti ògiri kí wọ́n má bàa tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Láàárín wọn ni mo ti rí obìnrin kan tó gbé agbọ̀n òfìfo dání, mo sì mọ agbọ̀n náà kí n tó mọ ẹni tó gbé e, nítorí èkejì rẹ̀ wà nílé mi ní Komah. Ìyá mi ni.

"Àbẹ̀kẹ́, níbo lò ń lọ?"

"Ilé ni, Ìyá mi."

"Ilé wà níbẹ̀," ó wí. "Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀."

Mo fà á wọ ẹ̀yìn ògiri, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Àwọn ṣọ́jà Faransé ti gba Kambolé kọjá. Wọ́n kọ́kọ́ kó àgbàdo inú àká. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n wọ oko, wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tú gbogbo ebè, wọ́n fa iṣu tu tòun ti orí rẹ̀, ẹṣin wọn sì jẹ ìtàkùn.

"Èèbù ńkọ́?" mo bi í.

"Kí lo rò pé mo gbé agbọ̀n òfìfo fún?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ogun tó bà mí gan-an. Ènìyàn lè tọrọ oúnjẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní èèbù, kí ni yóò gbìn? Àwọn tó ń sá náà ń gba ọ̀nà ìlú Koussountou lọ, ìyá mi sì ní kí a tẹ̀lé wọn. Mo dúró. Mo ro ọ̀rọ̀ tí Lásísì sọ lábẹ́ ẹrù. Bí ó bá padà, tó bá ilé ní òfìfo, níbo ni yóò ti máa wá wa kiri?

Mo ní, "A ó padà sí Komah."

Ìyá mi wò mí. "Komah tí o fi ń sunkún?"

"Òun náà ni."

"Ó dáa. Ṣíwájú."

Nígbà tí a dé, apá kan ilé Ìyá Àfúsá ti jóná. Òun alára jókòó síwájú èyí tó kù, ó ń gé ilá. Mo wo oko mi. Wọ́n ti tú ebè mélòó kan létí ọ̀nà, gbogbo ìyókù wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ó ní àwọn ṣọ́jà dé, inú wọn dùn nígbà tí wọ́n rí ìtàkùn tútù. Wọ́n tú ebè àkọ́kọ́, orí iṣu lásán ni wọ́n bá. Wọ́n tú òmíràn, orí náà ni. Wọ́n wá ní kí ògbufọ̀ bi òun léèrè irú iṣu wo nìyí.

"Kí lẹ sọ fún wọn?" mo bi í.

"Mo ní àwọn àlejò kan ló gbìn ín, wọn kò mọ iṣẹ́ oko. Mo ní ọ̀lẹ ni obìnrin náà. Mo bú ọ dáadáa, ọmọ mi, títí wọ́n fi káàánú mi, tí wọ́n sì lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló sì tẹ̀lé e, mo di ọrùn obìnrin náà mú, mi ò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Iṣu abẹ́ ẹní ni ilé wa àti ilé Ìyá Àfúsá jẹ. A kò jẹ yó. Ìbọn kò dún mọ́, wọ́n ní àwọn Jámánì ti túúbá, àwọn Faransé sì ti wọ Sokodé. Díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń bi gbogbo wọn léèrè Lásísì. Ọ̀kan ní òun rí i. Òmíràn ní òun kò rí i, kò sì wò mí lójú. Òjò dá, ìtàkùn iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ létí oko, ó gbẹ, ó ń rìn bí ẹni tó ṣì ru ẹrù. Mo mọ ìrìn náà. Mo pè é, "Bàbá Ráfíá." Kò wẹ̀yìn. Mo pè é tagbáratagbára, ó ń lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Àfi ìgbà tí mo di aṣọ rẹ̀ mú ló tó yí padà, tí ó sì di mọ́ mi.

Ó sọ fún wa pé ilé ẹ̀rọ ńlá kan tí àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn bà jẹ́ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló bú gbàmù nítòsí àwọn. Àwọn kan tí wọ́n jọ ru ẹrù kò dìde mọ́. Òun dìde, ó sì gbọ́n eruku kúrò lára, ó ń retí kí ariwo padà. Kò padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó dé, ó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí. Ládánì pe ìrun àlàásárì, ó pè é tán. Lásísì wo oòrùn, ó wò mí, ó ní, "Àbí ládánì ti kú ni?"

Ìyá mi fi aṣọ bo ojú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ní kí a máa lọ sílé. Ó ní kí ni òun tún ń ṣe ní Komah? Ó ní, "Ìwọ lo máa ń sọ ọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Mo dáhùn, kò gbọ́. Mo mú un lọ́wọ́ lọ sí oko. Mo tú ebè kan níwájú rẹ̀. Orí tí a bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un lọ ti ta, èèbù kéékèèké ti yí i ká. Mo já ọ̀kan, mo fi sí i ní àtẹ́lẹwọ́, mo sì na ọwọ́ sí gbogbo oko náà. Ó wò ó pẹ́.

"O fẹ́ kí a dúró," ó wí.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí àkókò gbíngbìn dé, àwọn ará Kambolé wá tọrọ èèbù. Mo wa èèbù fún gbogbo wọn. Agbọ̀n ìyá mi ni mo kọ́kọ́ dì kún, èmi ni mo sì gbé e lé e lórí, ó bá wọn lọ sílé. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Kambolé ń pe iṣu náà ní iṣu Komah. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Lásísì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbàkúùgbà tí ládánì bá pè, ibi yòówù kí n wà, màá lọ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, yóò sì mú búútà omi àlùwàlá, yóò dìde. Mi ò fẹ́ràn ohùn ládánì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo wá ń tẹ́ etí sílẹ̀ fún un, kí n má bàa gbàgbé. Ó ti kú báyìí. Ilé dákẹ́. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, ọwọ́ mi á na sí ibi tí èjìká rẹ̀ máa ń wà, kí n tó rántí.