Ọjọ́ Tí Wọ́n Kúrò Lẹ́yìn Mi ní Mowe

Nígbà tí àrùn Kòrónà rọlẹ̀, tí ọkọ̀ òfuurufú tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìlú Ọba bó ti yẹ, ni ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Mowe fẹ́ yan ẹni tí yóò dupò kánsílọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí ìdí tí n kì í fi yọjú sí ìpàdé wọ́ọ̀dù mọ́, ọjọ́ náà ni ìdáhùn mi.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí irun mi fi funfun kí n tó padà wá kọ́lé sí Lotto, ní Mowe níbí. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Nígbà kan tí a daṣẹ́ sílẹ̀, a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn nínú òtútù, obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ní kí n lọ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú mi. Mo ní ìlú mi nìyí, mo ti búra fún un. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ọ̀rẹ́ mi ni Bọ́sẹ̀. Yàrá kan náà la gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, gbọ̀ngàn kan náà la sì ti jọ búra di ọmọ Ìlú Ọba. Òun náà ti padà wá ń gbé ní Mowe.

N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn lọ́jọ́ ìbúra náà. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń gbé lọ́hùn-ún. Àwọn òbí mi wà nínú ilẹ̀ ní Ifọ̀. Bí mo bá wà níbí, ọkàn mi a máa fà sí ọ̀hún. Bí mo bá wà lọ́hùn-ún, oorun kì í kùn mí.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe kánsílọ̀ kò ju ilé ìgbẹ̀bí wa lọ. Àwọn aboyún ń ru omi láti ilé wá kí wọ́n tó lè bímọ níbẹ̀. Ẹni tí a jọ ń du ipò náà ń ta ilẹ̀ ní Ibafo, kò sì bá wa jókòó ṣèpàdé rí.

Ní wọ́ọ̀dù wa, a kì í fi ìwé dìbò abẹ́nú. Olùdíje yóò kọjú sí ògiri ilé ìwé, àwọn tó fẹ́ ẹ yóò sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí wọn yóò fi kà wọ́n tán, kí ojú rẹ̀ má bàa dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Mo kọjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń tò, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀.

“Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yìn yín ti kan géètì o!”

Mo ń rẹ́rìn-ín sí ògiri nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bọ́sẹ̀.

“Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbọ́ mi. Pásípọ́ọ̀tù méjì ni obìnrin yìí ní! Ó ti búra fún ọba ọlọ́ba. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé yóò bá yín sá wọ igbó? Ọkọ̀ òfuurufú ni wọn yóò fi wá gbé e!”

“Mọ́mì, ṣé irọ́ ni?” ẹnìkan kígbe.

Mo ń dúró kí Bọ́sẹ̀ fi kún un pé òun náà ní pásípọ́ọ̀tù méjì, bí ẹni tó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ parí àwàdà. Kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró bàtà nínú iyanrìn, ó ń kúrò lẹ́yìn mi, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ onílẹ̀ tí a jọ ń du ipò.

Nígbà tí wọ́n ní kí n yíjú padà, Alhaja Sàlámọ̀, aládùúgbò mi, àti ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ló kù. Kọ́lá, àbúrò mi tí mo rán nílé ìwé, wà ní ìlà kejì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má sunkún lójú wọn,” ni Alhaja wí. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

N kò sunkún. Mo lọ bá Bọ́sẹ̀. “Èmi àti ta ni a jọ búra?”

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Àǹtí, òṣèlú ni. Ẹ má gbà á sọ́kàn.”

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Onílẹ̀ ló wọlé. Omi ti dé ilé ìgbẹ̀bí náà báyìí, ṣùgbọ́n kánsílọ̀ kọ́ ló gbé e wá. Alhaja àti àwọn obìnrin tó kù lẹ́yìn mi ló lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Owódé títí wọ́n fi dá wọn lóhùn. Èrè wa nìyẹn, n kò sì kà á sí kékeré. Ohun tí mo pàdánù ni ìgboyà láti pe ibìkan ní ilé mi láìwo ojú ẹni tó ń gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kọ́lá wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ mi.

“Àǹtí mi, Bọ́sẹ̀ fẹ́ jáde fún kánsílọ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù òun jáde.”

Mo ní, “Kọ́lá, o mọ̀ pé òun náà ní i? Lọ́jọ́ ìdìbò yẹn?”

“Gbogbo àwa aláṣẹ wọ́ọ̀dù la mọ̀, mà.”

Mo ní kó sọ fún un pé pásípọ́ọ̀tù méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sọ èmi di ọ̀dàlẹ̀, kò sì sọ òun náà di ọ̀kan. Kó dúró níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, kó sọ pé òun ní tòun lápò lọ́jọ́ tí òun fi tèmi lé wọn kúrò lẹ́yìn mi. Bó bá sọ ọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ mọ̀ pé kò lè sọ ọ́.”

Mo mọ̀. N kò sì ní lọ pariwo rẹ̀ ní pápá ilé ìwé. Mo ti kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló kù kí ẹ bi í.