Ọ̀bẹ Tí Mo Fẹ́ Fi Bó Ọsàn

Mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ tí mo fẹ́ fi bó ọsàn lásán ló máa bà mí lọ́kàn jẹ́ lónìí.

Tíṣà ni mí. Ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká ni mo ń wá, èyí tí á máa wà nínú báàgì mi, tí mo lè fi bó ọsàn tá a bá lọ bíréèkì.

Mo dúró lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta irinṣẹ́ ní Jakpa Road, níbi tí Yorùbá ò ti wọ́pọ̀.

"Auntie, wetin you dey find?"

Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó yí i sí Yorùbá, Yorùbá Ọ̀yọ́ gan-an.

Mo mú ọ̀kan tó ní èèkù igi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, èyí le. Ọwọ́ méjì lo máa fi ṣí i. Wo èyí."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀bẹ yọ síta kíá.

"Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, o ti ṣí i."

Mo ní, "Bàbá, ọsàn ni mo fẹ́ fi bó o."

Kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ẹ̀yin obìnrin lẹ máa ń sọ pé ọsàn ni. Èyí tó wá láàárọ̀ náà, ọsàn ló ní."

Mo rántí ọ̀nà tó wọ ilé mi ní Ugborikoko, tí kò níná, àti bí mo ṣe máa ń di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́ kí n tó sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Èyí tó ń yára ṣí ni mo rà.

Mo ti délé. Ọsàn wà níwájú mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, kí lẹ sọ fún ẹni tó ta ọ̀bẹ tiyín fún yín pé ẹ fẹ́ fi bó?